Kí Ẹ Tó Kẹ́rù Kúrò Nílé Onílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ilé lóṣooṣù, ṣé onílé nìkan ló yẹ kó fúnni ní nótíìsì? Rárá o. Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù kan ni kí ẹni tó fẹ́ fòpin sí ilé gbígbé olóṣooṣù fi sọ tẹ́lẹ̀, ìbáà ṣe onílé, ìbáà ṣe ayálégbé. Ẹ lè ní, "Ṣebí mi ò jẹ gbèsè?" Òótọ́ ni. Àmọ́ oṣù tí ẹ ti lò lẹ san. Ta ni yóò san ti oṣù tí yàrá yóò fi ṣófo? Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé onílé á máa fojú burúkú wo àwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn onílé kan mọ̀ ọ́n ṣe! Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò fi tó. Ẹ kọ nótíìsì náà sílẹ̀. Ẹ kọ déètì sí i. Ẹ jẹ́ kí onílé buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.