Ọṣẹ àti Oògùn Apakòkòrò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n ó kan ilé ìdáná, ilé ìyàgbẹ́ àti ọwọ́ àwọn ọmọ wa.

Púpọ̀ nínú wa ni ó gbà pé níbi tí òórùn Izal tàbí Dettol bá ti ń ta, ìmọ́tótó ti dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọṣẹ, ìbáà ṣe ti ìgbàlódé tàbí ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá wa ń fi àdín àti eérú èèpo kòkó sè, ní ojú méjì: ọ̀kan a máa di ọ̀rá mú, èkejì a máa di omi mú. Bí a bá fi fọ nǹkan, a tú ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn kúrò, omi a sì gbé wọn lọ. Oògùn apakòkòrò kì í kó ìdọ̀tí. Kòkòrò tí ó ṣẹ́kù ni ó ń pa. Bí ìdọ̀tí bá bo kòkòrò mọ́lẹ̀, oògùn kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó da Izal sórí ẹ̀gbin tí kò fọ̀ fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ẹ kọ́kọ́ fọ ilẹ̀, kí ẹ tó fi oògùn sí i ní ìwọ̀n àti fún àkókò tí ìwé ara ìgò bá sọ.

Ní ti ọwọ́, ọṣẹ àti omi tó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà hàn, àlejò láti Ítálì tí ó ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Àwọn ènìyàn ń sáré ra oògùn olówó gọbọi tí a fi ń pa ọwọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ni ó bo kòkòrò àrùn náà lára, ọṣẹ lásán sì ń tú ọ̀rá náà ká, bí a bá fi fọ ọwọ́ fún 20 ìṣẹ́jú àáyá.

Ewu sì wà nínú oògùn wọ̀nyí. Ẹ má ṣe da JIK pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ a máa jáde níbẹ̀. Ẹ má rọ oògùn sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni èyí. Bí ẹgbẹ́ wa àti àwọn ará wa tí ó wà lẹ́yìn odi bá fẹ́ ta ilé-ìwé lọ́rẹ, kí ó má jẹ́ kẹ́ẹ̀gì oògùn ni yóò ṣáájú. Kí ó jẹ́ omi tí ń ṣàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, àti ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni í wẹ òsì, òsì ni í wẹ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí omi àti ọṣẹ, kí ni àwọn méjèèjì yóò fi wẹ ara wọn?