Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọmọ wa mọ sáyẹ́ǹsì?

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, àmọ́ ó kan gbogbo ilé ní Pénéssoulou, Bassila àti Manigri.

Bí èsì BEPC bá jáde, ohun tí a máa ń bèèrè ni: "Ọmọ mélòó ló yege?" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ lè há ìwé SVT sórí, kó yege, kó má sì lè fi ṣe nǹkan kan nílé.

Láti ọdún 2000 ni OCDE ti ń ṣe ìdánwò PISA fún àwọn ọmọ ọdún 15. Nínú sáyẹ́ǹsì, wọ́n ń wò ó bóyá ọmọ lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bóyá ó mọ bí a ṣe ń wádìí, àti bóyá ó mọ ohun tí iye tí wọ́n kó jọ túmọ̀ sí. Sénégal ti ṣe irú rẹ̀. Ní tiwa ní Benin, PASEC wọn ìmọ̀ àwọn ọmọ wa ní 2014 àti 2019, ṣùgbọ́n ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, Faransé àti ìṣirò ni wọ́n sì wò. Sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ CEG kò sí níbẹ̀.

Ẹ ká ní kànga méjì wà, ọ̀kan sún mọ́ ṣáláńgá. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ń mu omi rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe mẹ́fà. Ní kànga kejì, ẹnì kan péré. Ẹ bi ọmọ yín: "Ṣé omi ló fà á? Kí ni wàá wádìí kó o tó sọ bẹ́ẹ̀?" Èyí tó bá ní ká wo oúnjẹ wọn pẹ̀lú, ká wo ẹni tó ń se omi kó tó mu ún, ọmọ yẹn mọ sáyẹ́ǹsì. Èyí tó kàn ń ka orúkọ kòkòrò àrùn kò tíì débẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: kí ẹgbẹ́ wa bá àwọn olùkọ́ CEG sọ ọ́, kí wọ́n máa ṣe ìbéèrè mẹ́wàá irú èyí lọ́dọọdún, lórí omi, ibà, oko kajú àti igbó ìjọba tó wà lọ́dọ̀ wa. Kí wọ́n bi àwọn ọmọ ní Faransé, kí wọ́n tún bi wọ́n ní èdè ilé wọn, ìbáà ṣe Nàgó tàbí Anii. Bí ọmọ bá mọ̀ ọ́n lédè ilé, tí kò mọ̀ ọ́n ní Faransé, èdè ló dí i lọ́wọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ní méjèèjì, ìgbà yẹn la ó mọ ohun tí a máa lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ: ṣé olùkọ́ ni kò tó ni, àbí làbó ni kò sí?

Kì í ṣe láti dójú ti olùkọ́ kankan o. Ẹni tó fẹ́ rán aṣọ, ó ní láti kọ́kọ́ wọn ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀la àwọn ọmọ wa dára.