Ìwé Òmìnira àti Ọ̀rọ̀ Ìwọ̀fà

  

Ní ọdún 1615, onímọ̀ àgbà kan ní Timbuktu, Ahmad Bābā, kọ ìwé kan láti fi dáhùn ìbéèrè lórí òwò ẹrú. Ó ní a kò gbọdọ̀ ra Mùsùlùmí tí a bí ní òmìnira, àti pé àwọ̀ dúdú kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú. Orúkọ Yorùbá wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ó kà wá mọ́ àwọn tí kò tíì gba Islām, ààbò náà kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni a bá a.

Ní January 1, 1852, Ọba Akíntóyè ti Èkó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé a kò ní kó ẹrú sọdá òkun mọ́. Òwò orí òkun ni ìwé yẹn dè. Ìwọ̀fà ṣì wà nínú ilé àti lóko, nítorí a kò pè é ní ẹrú.

Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tẹnu mọ́ ọn pé ẹni òmìnira ni ìwọ̀fà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bàbá yá owó, ó fi ọmọ dógò. Ọmọ ń sin olówó, èlé sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó sìn ín fún ọdún méje, kò dín owó ẹyọ kan kù nínú gbèsè. Kí ni èyí bí kò ṣe ribā?

Ẹ fi í wé ìwé òmìnira tí Allāh pa láṣẹ nínú Sūratun-Nūr, āyah 33. Salmān al-Fārisī gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀: yóò gbin igi dàbínù 300, yóò sì san wúrà ìwọ̀n ūqiyyah 40. Ànábì ní kí àwọn Sàábé ràn án lọ́wọ́. Ẹnì kan mú ọmọ igi 30 wá, òmíràn 20, òmíràn 15. Ànábì sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n. Gbogbo ohun tí Salmān ṣe ni ó ń dín gbèsè rẹ̀ kù.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2003 lórí kíkó ènìyàn ṣòwò, tí a tún ṣe ní 2015, lòdì sí fífi ènìyàn sin gbèsè. Síbẹ̀, bàbá ń yá owó, ó ń fi ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Èkó láti máa fọ abọ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ iye owó náà sílẹ̀. Ọmọ kò sì mọ ọjọ́ tí yóò padà.

Ẹni tí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó wá bá wa lẹ́yìn Jum‘ah, a ó bo àṣírí rẹ̀. Ìpín ajigbèsè wà nínú zakāt, Sūratut-Tawbah, āyah 60. Ẹni tí ọmọ ọlọ́mọ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí gbèsè, kí ó dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀. Kí ó ṣírò owó iṣẹ́ tí ọmọ náà ti ṣe, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè. Bí owó iṣẹ́ bá ju gbèsè lọ, òun gan-an ni ajigbèsè, kí ó san èyí tí ó kù fún ọmọ náà.