Ìsinmi Ìdílé ní Etí Òkun

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní alẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó létí ọ̀pọ̀ ènìyàn: kí baálé ilé kan ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ifọ̀n kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n gba etí òkun lọ, kí wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n ń lọ sìnkú, láìjẹ́ pé wọ́n ń lọ ṣe ìgbéyàwó. Àwọn àgbà yóò béèrè ohun tí wọ́n ń wá lọ. Ìbéèrè náà tọ́.

Ará Ọ̀wọ̀ kò ṣe aláìmọ ìsinmi. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọdún Igogo bá dé, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ìlú fi ń yẹ́ Ọ̀rọ̀nsẹ̀n sí. A kì í lu ìlù ní àsìkò náà, agogo ni à ń lù. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a di irun, a sì kó ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sára. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun a máa wálé. Nítorí náà, ìsinmi tí ìlú mọ̀ ni pé kí ẹni tí ó lọ padà wá. Kí ẹni tí ó wà nílé jáde lọ sí ibi tí kò ní ará, tí kò ní ẹbí, kí ó kàn lọ wòran, èyí ni ó ṣàjèjì.

Ṣùgbọ́n òkun kò jìnnà sí àgbègbè yìí tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Odò Ọ̀sẹ́, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ tí Ifọ̀n jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, láti òkè Èkìtì ni ó ti ń ṣàn bọ̀, gúúsù ni ó sì ń lọ, títí yóò fi bá omi etí òkun pàdé. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976 ni Ọ̀wọ̀ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ ti wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà. Síbẹ̀, etíkun Èkó ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń dárúkọ.

Bar Beach ni wọ́n ń sọ. Etíkun náà kan náà ni ìjọba ológun ti yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní 1971 lójú ọ̀pọ̀ èrò, nítorí náà orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti fàájì nìkan. Ẹni tí ó bá wá a lọ lónìí kò ní bá a bí ó ti wà rí. Eko Atlantic, ìlú tuntun tí a fi iyanrìn kún òkun kọ́, ti gba ibẹ̀. Ohun tí ó sọ ibẹ̀ di ìjẹ òkun yẹ ní mímọ̀. Láàrin 1908 sí 1912, àwọn aláṣẹ amúnisìn kó òkúta ńláńlá mọ odi wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀sà, kí ọkọ̀ òkun lè rí ọ̀nà wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbì etíkun yìí, láti ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń gbé iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Odi dá iyanrìn dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn ń rí gbà, Bar Beach tí ó wà ní ìlà-oòrùn kò rí gbà mọ́, ìgbì kò sì yé kó èyí tí ó ṣẹ́kù lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ iyanrìn tí ọmọ lè fi ṣeré, kí ó lọ sí Aràròmí, ní apá ìwọ̀-oòrùn etíkun Oǹdó. Ní ìhà Ayétòrò àti Awóyè, ẹrẹ̀ ni etíkun. Ṣùgbọ́n Ayétòrò ni ó yẹ kí ọmọ rí. Ní 1947 ni àwọn Ìlàjẹ kan, tí ìgbàgbọ́ kó jọ, tẹ̀ ẹ́ dó. Iṣẹ́, owó àti oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ di àjùmọ̀ní. Wọ́n fi pákó kọ́ ilé, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú òkè ṣì ń tan àtùpà. Lónìí, òkun ti gbé ilé, ilé ìwé àti ibi ìsìnkú lọ níbẹ̀. Ẹrẹ̀ kò lágbára níwájú ìgbì. Àwọn ọ̀nà omi tí a gbẹ́ ní agbègbè náà nítorí epo rọ̀bì fún omi iyọ̀ láyè. Òkun fúnra rẹ̀ sì ń ga sí i. Iṣẹ́ ìdènà omi tí a gbé síta ní 2004 kò dá a dúró. Àwọn kan yóò wí pé kò yẹ kí ènìyàn lọ ṣe fàájì níbi tí ẹlòmíràn ti ń sunkún ilé. Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àlejò tí ó ra ẹja, tí ó san owó ọkọ̀, tí ó sì rí òpó ilé nínú omi, wúlò fún wọn ju ẹni tí ó ń káàánú láti ilé lọ.

Ewu omi wà. Ọmọ tí ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú odò Ọ̀sẹ́ lè rò pé òun mọ ti òkun. Odò ń lọ sí ọ̀nà kan; omi tí ìgbì kó wá sí èbúté gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, ojú ọ̀nà tóóró kan ni ó sì máa ń gbà. Ibi tí ó pa rọ́rọ́ láàrin ìgbì méjì, tí ojú rí bí ibi ààbò, ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń fa ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá bá a jà yóò rẹ̀. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí omi yóò fi tú u sílẹ̀; bí kò bá lè ṣe é, kí ó léfòó, kí ó na ọwọ́ sókè. Ẹni tí ó wà lókè kí ó má ṣe bẹ́ sínú omi, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu ni kí ó jù sí i. Àwọn baba tí wọ́n ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò, odò ni wọ́n wí, wọn kò tilẹ̀ tí ì dé orí òkun.

Oṣù kẹjọ, tí ilé ìwé wà ní ìsinmi gígùn, wà lára ìgbà tí ìgbì le jù. Ìgbà ọyẹ́ sàn jù. Kí ìdílé fi oṣù kẹsàn-án sílẹ̀ fún Igogo, kí wọ́n sì máa fi owó pamọ́ de oṣù kejìlá. Àkúrẹ́, Oǹdó, Orè àti Òkìtìpupa ni ọ̀nà gbà dé Igbókòdá, níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì gbọ́dọ̀ kárí gbogbo ọmọ kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí ìyá àgbà bá wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa lọ, n kò wọ̀ ọ́,” kí a má fi ipá mú un. Ọjà Igbókòdá wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ àti edé sì pọ̀ tí yóò yẹ̀ wò títí wọn yóò fi dé.