Ìsinmi Àjíǹde Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ ní Ìkògòsì

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ sọ níwájú àwọn aṣojú ẹgbẹ́)

Àwa Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ ni a ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìsinmi Àjíǹde. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa wí nínú ọkàn wọn pé, kí ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ìgbafẹ́? Ìdáhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá gidigidi, nítorí owó ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń yá lọ fi gbafẹ́.

Bí Àjíǹde bá ti ń súnmọ́lé, ìwé ìbéèrè fún ẹ̀yáwó pàjáwìrì a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lórí tábìlì akọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò yìí gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, tí àgbẹ̀ inú wa ń wá owó irúgbìn àti owó lébìrà. Kò sì ní pẹ́ tí ìsinmi bá parí tí táàmù kẹta yóò wọlé. Owó ilé-ìwé dé, gbèsè ìgbafẹ́ sì wà nílẹ̀. Ọmọ tí a gbé lọ wo òkè àti odò ni wọn yóò lé wálé nítorí owó ilé-ìwé. Ìgbìmọ̀ wa kò fara mọ́ irú ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ àwọn tí ó ní kí ọmọ jókòó sílé pẹ̀lú. Àwọn kan wà nínú ìgbìmọ̀ wa tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, a sì jọ jiyàn lé e lórí fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tí ń gbé yàrá kan tàbí méjì ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tí ó mọ igi inú ìwé ju igi inú igbó lọ, ó yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ odò tí ń ṣàn. Owó tí a ó fi mú un lọ ni kí ó jẹ́ owó tí a ti tọ́jú, kì í ṣe èyí tí a yá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìdílé tí ó bá ń fi 3,000 náírà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 yóò ní 36,000. Bí ó bá jẹ́ pé ó yá 36,000 náà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba èlé náírà 1 lórí 100 lóṣù, tí ó sì san án fún oṣù 10, èlé nìkan yóò jẹ́ 3,600 náírà. Èyí ju ohun tí ẹni ìṣáájú ń fi pamọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan lọ. A kò sọ pé 36,000 ni yóò tó yín o, ẹ ó mọ iye tiyín nígbà tí ẹ bá béèrè owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Àjíǹde kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ti 2025 jẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ti 2026 jẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, ti 2027 sì jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹta. Nítorí náà, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tuntun lè ní ọ̀sẹ̀ 15 ní ọdún kan, kí ó má ní ju 12 lọ ní ọdún mìíràn. (Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ìsinmi ilé-ìwé ni à ń wí, gbogbo ọmọ ni ó sì ń gbà á.)

Nísinsìnyí, níbo ni kí a kó wọn lọ? Orúkọ mẹ́ta ni ó jáde nígbà tí a jókòó: Ìdànrè, Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Ìkògòsì-Èkìtì. Òkè Ìdànrè dára púpọ̀, ìlú àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wọn gbé ṣì wà lókè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ó gùn. Ọmọ ọdún mẹ́rin yóò gùn tó àádọ́ta, ìyókù di ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dàgbà díẹ̀ sí i. Ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, omi Olúmirin ń já wálẹ̀ ní ìpele méje. Ìpele àkọ́kọ́ kò le fún ọmọdé, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a fi ń gùn ún, àpáta ibẹ̀ a sì máa yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ẹni tí ó bá gbé ọmọ dání, kí ó dúró sí ìpele àkọ́kọ́, kí ó má ṣe dá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa pè é láti òkè lóhùn.

Ìkògòsì ni a fi ọwọ́ sí. Ìlú kékeré ni, láàárín òkè àti igbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó sì wà kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ìsun omi méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìkejì tutù. Wọ́n ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí wọ́n fi pàdé, níbi tí ọmọ ti lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú omi gbígbóná kí ó fi tòsì sínú omi tútù. Ìgbóná omi tí àwọn ènìyàn ń wẹ̀ tó nǹkan bí 37 sí 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìgbóná ara ènìyàn mu, kò lè bó ọmọ lára. Àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti pàgọ́ síbẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, kí ìjọba tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́.

Àwọn ọmọ yóò bi yín léèrè ẹni tí ó ń dáná sábẹ́ omi náà. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé ìyàwó ọkùnrin kan ni àwọn omi méjèèjì, ọ̀kan gbóná lára, ìkejì tutù nínú, wọ́n jà títí wọ́n fi di omi, ọkọ wọn sì di òkè. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lálẹ́. Ní ojúmọ́, ẹ wá sọ fún èyí tí ó ti ń lọ sílé-ìwé pé omi òjò ni ó wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà láàárín àpáta tí ó là, pé bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, àti pé omi náà gbóná lọ́hùn-ún kí ó tó padà sun jáde. Ọmọ a máa fẹ́ràn méjèèjì.

Ní ti ọ̀nà, ẹni tí ó bá gba Iléṣà yóò kọjá Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Ìtawùrè dé Aramọkọ, kí ó tó yà sí ọ̀nà Èrìjìyàn. Ọ̀nà òkè ni, kọ́nà ibẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń bì ọmọ nínú. Ẹ má ṣe fún wọn ní oúnjẹ olóròóró kí ẹ tó gbéra. Ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì díẹ̀ tó, kí ẹ mú ọ̀rá àti aṣọ pààrọ̀ sítòsí. Ẹ jáde ní kùtùkùtù kí ẹ lè dé ní ọ̀sán, ẹ má ṣe rin òru. Ọmọ kì í jókòó níwájú lórí ẹsẹ̀ ìyá. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ọwọ́ ìyá kò lè dá a dúró. Nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín.

Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń sọ pé ìdílé márùn-ún yóò wọ bọ́ọ̀sì oníjòkòó 14, pé ọmọ kì í gba àyè. Irọ́ ni. Ọmọ wẹ́wẹ́ náà, ènìyàn ni lórí ìjókòó. Ìdílé mẹ́ta ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà, iye yẹn ni kí ẹ sì fi pín owó ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wúwo sí jùlọ ni ti omi. Ọmọ tí omi ń mu kì í sábà pariwo bí a ti rò. Yóò rì láìsí ariwo, omi tí kò ju ìbàdí àgbà lọ sì tó fún un. Èyí tí ó sì burú jù ni ìgbà tí àgbà pọ̀. Bí àgbà mẹ́fà bá jókòó létí odò, ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò rò pé ẹlòmíràn ń wo ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó ń wò ó. Ẹ wò ó bí a ti ń ṣe nínú ẹgbẹ́. A kì í kó owó sílẹ̀ kí a ní kí gbogbo ènìyàn máa ṣọ́ ọ. A ń yan akápò, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Bákan náà ni kí ẹ ṣe létí omi. Ẹ dárúkọ ẹni tí ó ń ṣọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó gbé fóònù rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ó dúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ọmọ, kí ó má sì kúrò títí ẹni tí ó kàn yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Mo ti gbà á.” Rọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín.

Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wọ inú omi tútù, nítorí òtútù lè dá ìrora sílẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré nínú èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ nù wọ́n gbẹ kíákíá, kí ẹ sì fún wọn ní omi mu dáadáa. Òjò àkọ́rọ̀ sì máa ń bá ìjì àti mànàmáná wá, lọ́sàn-án tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó sábà máa ń dé. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi wẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, kí gbogbo ènìyàn jáde nínú omi, kí ẹ sì kúrò lábẹ́ igi.

Lálẹ́, ẹ̀fọn. Ẹ gbé àpò ẹ̀fọn olóògùn tiyín dání, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ti ibùsùn. Ẹ mú àpò ORS méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ tí kò sì sí ORS, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ kan ni, kí ṣíbí náà má ṣe kún kọjá etí.

Oru méjì tó. Ẹ má ṣe kó ibi mẹ́rin jọ sínú ọjọ́ kan nítorí pé ẹ ti san owó ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ pé a san owó. Yóò fi wákàtí kan ṣa òkúta wẹ́wẹ́ létí omi, lẹ́yìn náà yóò fẹ́ sùn. Ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yin bàbá, a ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Bí ìyá bá lọ dáná, tí ó fọ aṣọ, tí ó sì gbé ọmọ pọ̀n ní Ìkògòsì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nílé, òun kò gba ìsinmi kankan. Ẹ ra iyán jẹ ní Èkìtì, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó gún un. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin aṣojú nìyí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣí ojú-ewé kan fún owó ìsinmi nínú ìwé ìfipamọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìn-ín-ní. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá lè lọ mọ́ lè gba owó rẹ̀ padà láìsí ìbéèrè, kí ó fi san owó ilé-ìwé bí ó bá wù ú. Kí orúkọ àwọn ìdílé àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ wọn dé ọ̀dọ̀ wa kí oṣù kejì tó parí. Àwa yóò béèrè owó ìwọlé àti owó ibùsùn lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ibẹ̀, a ó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Alága, a ti ṣe tán láti gbọ́ ìbéèrè.