Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ohun Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará Kòsọ́fẹ́ sọ ní Kétu

 

Àwọn kan ti bi wá léèrè pé kí ni ti ẹgbẹ́ àṣà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti oògùn. Wọ́n ní èdè wa, orúkọ wa àti ìtàn wa ni ó yẹ kí a dúró tì. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí yóò sọ èdè náà ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó wà láàyè. Ogún tí ó pẹ́ jù lọ lọ́wọ́ wa kì í ṣe ilẹ̀, kì í sì í ṣe ilé, ẹ̀jẹ̀ ni. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, tí baba fi lé ọmọ lọ́wọ́, ni à ń pè ní àbùdá.

Àbùdá dà bí ìwé kan tí Ẹlẹ́dàá kọ sínú ara gbogbo ọmọ ènìyàn, ìdajì láti ọ̀dọ̀ baba, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìwé náà ni ó ń sọ fún ara bí yóò ti ṣe awọ, irun, egungun àti ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn ti ka ìwé yìí dé òpin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ojú ewé kan ṣì kù tí wọn kò parí títí di ọdún 2022. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìṣègùn ti ń yí padà. Oníṣègùn kò ní láti dúró kí àìsàn ó dé kí ó tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Àwọn àgbà wa ti wí i tipẹ́ pé, igi gànngàn-ràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àṣà àjèjì ni èyí. Ǹjẹ́ àwọn baba wa a máa fi ọmọ fún ọkọ láìṣe ìwádìí? Alárinà a lọ, alárinà a bọ̀. Wọn a béèrè bóyá ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé náà, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá ọmọ kì í dúró níbẹ̀. Wọ́n ṣì í nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀, nítorí kì í ṣe àrùn ìjogún, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ dára. Ohun tí ojú àti etí alárinà kò lè rí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń rí lónìí.

Ẹ sì gbọ́ àwọn orúkọ tí ó wà nínú ìdílé wa: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó. Orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n. Ìyá bí ọmọ, ọmọ kú. Ó tún bí i, ó tún kú. A kò wí pé àìsàn kan ṣoṣo ni ó wà nídìí gbogbo àbíkú, nítorí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ púpọ̀ láyé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ọmọ kan ti ń yè tí èkejì ń kú, tí egungun ń ro ọmọ, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, tí ó dà bí ẹni tí yóò kú lónìí tí ó sì dìde lọ́la, a mọ ohun tí a ń wò. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní fòníkú-fọ̀la-dìde.

Ní ọdún 1910, ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dókítà James Herrick kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti erékùṣù Grenada wá, tí ẹyin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Láti inú àkíyèsí yìí ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, sickle cell, ti jáde. Ní ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú ohun tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa ni àṣìṣe náà wà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1957, Vernon Ingram ti fi hàn pé ibì kan ṣoṣo péré ni ó ti yàtọ̀. Nínú gbogbo ìwé gígùn náà, lẹ́tà kan ni ó yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Yorùbá í kọ kò ní ṣe ìyanu nípa èyí, nítorí ẹ mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Àmì kékeré ni ó ya ọkọ ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ohun ìjà.

Ẹyin ẹ̀jẹ̀ tí ó pé a máa lò tó 120 ọjọ́. Èyí tí ó tẹ̀ bí dòjé kì í sábà lò ju 20 ọjọ́ lọ. Ó ń fọ́, ó sì ń há sí ojú iṣan, kí ẹ̀jẹ̀ má lè kọjá. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Ní ọdún 1954 ni Anthony Allison sì fi hàn pé ẹni tí ó gba lẹ́tà S kan ṣoṣo a máa ní ààbò lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Nítorí náà ni S fi pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Kì í ṣe ègún, kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà. Ọmọ gba lẹ́tà kan lọ́wọ́ baba, ó gba èkejì lọ́wọ́ ìyá. AA ní A méjì. AS ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ sì dá. SS ni ó ní àìsàn náà. Láàrin àwa Yorùbá, lẹ́tà C náà kò ṣọ̀wọ́n, bí S bá sì pàdé C, àìsàn ni. Ní Nàìjíríà, nínú ènìyàn mẹ́rin, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí AS kan. Bí àwọn ènìyàn bá ń fẹ́ ara wọn láìwádìí, nínú tọkọtaya 16, a ó rí ọ̀kan tí ọkọ jẹ́ AS tí aya sì jẹ́ AS. Ní ti irú wọn, ẹ da kọ́bọ̀ àtijọ́ méjì sókè: bí ìgbà kan nínú mẹ́rin ni àwọn méjèèjì yóò dojú bolẹ̀. Ìgbà náà ni SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni a sì ń da kọ́bọ̀ ní ọ̀tun. Ẹni tí ó bá wí fún yín pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ti bọ́, irọ́ ni ó pa.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ń ta ata ní Mile 12. Òun ni ó ní kí a sọ ọ́. Kí ó tó ṣe ìgbéyàwó, ó mọ̀ pé AS ni òun. Ọkọ rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé àyẹ̀wò kan tí a kò ní dárúkọ, wọ́n sì kọ AA fún un. Nígbà tí ọmọ wọn kejì pé oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọmọ náà, SS ni. Àwọn ẹbí ọkọ ní àjẹ́ ni ìyá rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó ti ìta gbé oyún wálé. Ìgbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ wò ní ibi méjì mìíràn ni a tó rí i pé AS ni ó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ta ni nínú yín tí í ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò láì tú u wo ìsàlẹ̀? Nítorí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ní ibi méjì tí kò mọ ara wọn. Ẹni tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kí ó dúró tó oṣù mẹ́rin, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọn yóò yẹ̀ wò bí kò bá dúró.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan kọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fojú bù ú pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni à ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú wà. Bí a bá mọ̀ láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀, a ó fún ọmọ ní pẹnisílínì, a ó dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà, dókítà a sì fún un ní hydroxyurea nígbà tí ó bá yẹ. Ní Kumasi ní ilẹ̀ Ghana, ní ọdún 1995 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwaku Ohene-Frempong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò láti gìgísẹ̀. Ní Ìdí-Àràbà níhìn-ín ní Èkó, Sickle Cell Foundation Nigeria tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju ṣe olùdásílẹ̀ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n Ìdí-Àràbà jìnnà sí ẹni tí ń jí lọ pàtẹ ata ní òwúrọ̀ kùtù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan kún un. Àbùdá mìíràn wà tí a ń pè ní àìtó G6PD. Láàrin àwọn ọkùnrin Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Ó lè má yọ ẹni náà lẹ́nu rárá títí tí yóò fi lo oògùn ibà kan, tàbí tí òórùn káńfọ̀ yóò fi kan ọmọ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a fọ́, ibà pọ́njú a gbé e, èyí sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ tuntun mọ́. Ìyẹn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A dé ibi tí ó ń dùn wá jù. Láti ọdún 2002, nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap, àwọn 90 Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára àwọn 270 ènìyàn tí wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní ọdún 2008, ara àwọn àkọ́kọ́ tí a ka ìwé àbùdá wọn tán pátápátá ni ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn. Ní ọdún 2010 ni wọ́n rí àbùdá APOL1 tí ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì rí i pé ó pọ̀ lára àwa Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ wa ti kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2023 ni Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn Casgevy tí ń tún àbùdá ẹni tí ó ní SS ṣe, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ta ni yóò rà á ní Kétu? Ní ọdún 2019 ni a dá ilé-iṣẹ́ 54gene sílẹ̀ láti kó àbùdá ọmọ Áfíríkà jọ. Ó kógbá sílé ní ọdún 2023. Síbẹ̀, kì í ṣe pé a kò ní ọgbọ́n. Ní Ẹdẹ, ní Redeemer's University, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ka ìwé àbùdá kòkòrò kòrónà ní Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020.

Orúkọ ìlú wa dún létí bí ẹni wí pé kò sí ọ̀fẹ́. A gbà bẹ́ẹ̀: owó ni a fi ń ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n owó àyẹ̀wò kò tó owó aṣọ ẹbí ènìyàn kan, àìmọ̀ ni ó sì gbówó lórí jù. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mẹ́rin. Kí ìjọba mú àyẹ̀wò ọmọ tuntun wá sí gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Kòsọ́fẹ́. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún àyẹ̀wò àwọn ọmọ wọn, kí wọn ó tó ní àfẹ́sọ́nà. Kí ẹni tí ó bá wá gba ẹ̀jẹ̀ wa fún ìwádìí sọ fún wa ní èdè wa ohun tí yóò fi ṣe, kí èrè rẹ̀ sì padà wá sílé. Èkẹrin, kí á má ṣe fi lẹ́tà S bú ẹnikẹ́ni. Ọmọ SS kì í ṣe ẹni ìtìjú. Àwọn kan jókòó láàrin wa níhìn-ín tí wọ́n ti di ìyá, tí wọ́n sì ti di baba.

Àwọn baba wa fi orúkọ bẹ ọmọ pé kí ó dúró. Àwa ní ohun tí àwọn kò ní: a lè mọ ohun tí ń lé e lọ. Bí a bá mọ̀ tí a sì dákẹ́, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àbíkú mọ́.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dúró tì wá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.