Àléébù ara 'ìyá' ló ń hàn lára ọmọ: Bí a ṣe lè fọwọ́ kọ́ ọkọ̀ ogun Aradu kékeré

Ọ̀pọ̀ yín mọ NNS Aradu, ọkọ̀ ogun orí omi Nàìjíríà tí wọ́n kàn ní Hamburg, Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1982. Ó gùn tó nǹkan bíi mítà 126. Tí a bá pín gígùn yẹn sí ọ̀nà 700, sẹ̀ǹtímítà 18 ló kù, ó fi díẹ̀ gùn ju bírò lọ.

Ẹni tó fẹ́ fi rẹ́sìn ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ fún títà lè kọ́kọ́ fọwọ́ kọ́ ẹyọ kan. Èyí ni mo pè ní ìyá. Á gé ike pẹlẹbẹ, á lẹ̀ wọ́n léra, á fi pọ́tì dí àlàfo, á sì fi sandpaper ha á. Lẹ́yìn náà ló máa fín ọ̀dà aláwọ̀ eérú sí i. Ọ̀dà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o, òun ló ń tú àṣírí ibi tó há. Rọ́bà sílíkónì tí wọ́n máa dà bo ìyá náà láti fi ṣe mọ́ọ̀dù kì í gbójú fo nǹkankan. Kódà ìlà ìka ọwọ́ á hàn lára gbogbo ọmọ.

Ibi tó bá kọ́ sábẹ́ lè di rọ́bà mú, ó sì lè fà á ya. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀, ilé orí rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àmọ́ àwòrán ló ká èmi akọ̀ròyìn lára jù. Kẹ́ ẹ tó mú ọ̀bẹ, ẹ yan ọdún kan. Tí ẹ bá wo àwòrán 1982 kọ́ iwájú, tí ẹ wá wo ti ogún ọdún lẹ́yìn náà kọ́ ẹ̀yìn, ọkọ̀ tí kò sí rí lẹ kọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá sì rà á ló máa gbà pé Aradu nìyẹn.